Ìgò Làbáyọ̀

Ní ìlú Òkè-Ọparun, etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ gbágùúdá. Ẹni tí kò bá mọ ìlú náà lè rò pé àwàdà ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Bí obìnrin bá ti bó gbágùúdá rẹ̀ tán tó sì fọ̀ ọ́, á rù ú lọ sí Abẹ́ Páànù, ìyẹn àgọ́ ńlá tí ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ọjà, á fi sórí ìlà, á sì padà sílé lọ yan gààrí èyí tó ti lọ̀ ṣáájú. Ìdí agbada ni yóò ti máa tẹ́tí. Bí ẹ̀rọ bá ń ké, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, á ju ìgbákọ sílẹ̀, á sáré lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí àwọn ìyá wọn ti ń ṣe é nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá ń ké jù ni wọ́n gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ jù, kò sì sí ẹni tó jókòó rò ó wò.

Nígbà tí ẹ̀rọ ayé àwọn ìyá wọn bàjẹ́, Làbáyọ̀ ló gbé òmíràn wá sí Abẹ́ Páànù. Ẹ̀rọ náà kò tóbi, ó ti gbó díẹ̀ kó tó rà á, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti arúgbó tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ ni àwọn obìnrin sọ ọ́. Wọ́n ń lò ó nítorí pé kò sí òmíràn, ṣùgbọ́n wọn kò yé ráhùn pé ẹni tí ilé rẹ̀ bá jìn kì í gbọ́ ọ, pé kí Làbáyọ̀ jọ̀ọ́ wá nǹkan ṣe sí i.

Dípò tí Làbáyọ̀ ì bá fi wá nǹkan ṣe sí ohùn, nǹkan mìíràn ló máa ń ṣe, ìyẹn sì ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Ó ní ìgò ọtí kan tó ti gé ìdí rẹ̀ kúrò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á so ìgò náà kọ́ sára òpó, á dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, á wá rọ epo dísẹ́ẹ̀lì sí i títí dé ibi tó fi ọ̀dà pupa sàmì sí. Epo inú ìgò yẹn nìkan ni ẹ́ńjìnnì máa mu. Wọ́n á máa da gbágùúdá sí ẹ̀rọ títí epo á fi tán tí ẹ̀rọ á fi kú fúnra rẹ̀. Làbáyọ̀ á wá ti ọ̀pá kan bọ inú ọpọ́n tí gbágùúdá lílọ̀ ń dà sí, á wo ibi tó ga dé, á fi ọ̀bẹ fín àmì sára ọ̀pá náà níbẹ̀. Wọ́n á kó inú ọpọ́n náà kúrò, Làbáyọ̀ á yí ìdè kan tó ń díwọ̀n epo lára ẹ́ńjìnnì díẹ̀, á tún rọ epo sínú ìgò, á tún bẹ̀rẹ̀.

Sàrátù, tó jẹ́ Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn onígààrí, kì í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti rí ìgò lórí òpó, á pàtẹ́wọ́, á béèrè lọ́wọ́ Làbáyọ̀ pé ṣé ọmọ ti yó àbí kí àwọn bá a fún un lọ́mú sí i. Gbogbo Abẹ́ Páànù á bú sẹ́rìn-ín. Wúràọlá, ìyàwó Làbáyọ̀, á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa fi ọkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́? Lọ́jọ́ kan, ó bi í léèrè nílé pé kí ló dé tí kò lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀.

Làbáyọ̀ ń bó iṣu lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Mò ń bi í léèrè ni,” ó wí. “Epo tí mo fún un yìí, kí ló fi ṣe fún mi?”

Wúràọlá mí kanlẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò bi í mọ́. Ibà ńlá kan mú Làbáyọ̀ ní ìgbà òjò, kò sì dìde níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Wúràọlá kó ìgò àti ọ̀pá náà sókè àjà, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó jáde lọ máa dá ẹ̀rọ ṣe. Ẹ̀rọ yìí ló ń bọ́ òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Òun náà ló ń bọ́ Tèmídire, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Ìbàdàn.

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn tí Lásísì fi dé. Lásísì kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn. Ọkùnrin ọlọ́yàyà ni, iṣẹ́ ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó gbé wá, ilé ìlàpákó ló ti rà á. Nígbà tó kọ́kọ́ tan án ní Abẹ́ Páànù, adìyẹ fò sórí òrùlé, àwọn tó ń pọnmi lódò gbọ́ ọ, wọ́n sì yọ̀. Sàrátù, tí ilé rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ìlú, jókòó nídìí agbada, ó ń mi orí sí ìró ẹ̀rọ bí ẹni ń gbọ́ orin. Ó ní èyí gan-an ni wọ́n ń pè ní ẹ̀rọ.

Kò pẹ́ tí ìlà fi tán níwájú Jẹ́jẹ́. Àwọn tó ń kí Wúràọlá ní “Ìyá Tèmídire, ẹ kú iṣẹ́” ń kí i síbẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú Lásísì ni wọ́n ń sọ ẹrù wọn kalẹ̀ sí. Ẹgbẹ́ sì ti sọ pé Abẹ́ Páànù há fún ẹ̀rọ méjì, pé bí wọ́n bá kórè àkùrọ̀ tán, ọ̀kan ni wọ́n máa fi sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù ti wá sílé Wúràọlá. Ó ní bí wọ́n bá gbé Jẹ́jẹ́ kúrò níbẹ̀ kí ó má ta á fún ẹlòmíràn. Ó ti fi ẹsẹ̀ kan Jẹ́jẹ́ lágọ̀ọ́ bí ẹni ń dán ìkòkò wò. Ohun ìtìjú yẹn dun Wúràọlá dé eegun.

Ó lọ bá Ògúndáre, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní oríta. Dúdúyẹmí ló máa ń pè é, torí obìnrin ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ. Ó rojọ́ fún un, ó ní kó bá òun sọ Jẹ́jẹ́ di alágbára.

Ògúndáre ní iṣẹ́ kékeré ni. “Ìyàwó wa, bùọ̀dá mi kàn dá ẹ̀rọ yẹn lẹ́kun lásán ni. Ẹ jẹ́ kó yọ ohùn.”

Ó tú sàlẹ́ńsà tó ń pa ohùn èéfín, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá yí ìdè tí Làbáyọ̀ máa ń yí, èyí tó dà bí ìjánu ẹ́ńjìnnì, ó yí i kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí epo lè máa rọ́ wọlé. Ó tan án. Háà! Jẹ́jẹ́ ké, ó ké bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Èéfín dúdú bo gbogbo Abẹ́ Páànù. Kó tó di ọjọ́ ọjà kejì, ìlà ti padà síwájú Wúràọlá, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń dá rìn, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ó rí tí kò fẹ́ rí. Epo kì í pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì mọ́. Bẹ́líìtì tó ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sára ẹ̀rọ ìlọ̀ ń yọ̀, ó ń rùn bí rọ́bà tó jóná. Ó tún ṣàkíyèsí pé pẹ̀lú gbogbo igbe yìí, gbágùúdá kì í tètè tán. Ó ní ojú òun ni. Ó ti ní oníbàárà padà, kí ló tún ń wá? Nílé, ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò lè rìn jìnnà mọ́ ni kò jẹ́ kó simi. Ìyá arúgbó náà jókòó ní ìloro nírọ̀lẹ́ kan, ó kọ etí sí ọ̀nà ọjà.

“Wúràọlá,” ó wí, “ẹ̀rọ ọmọ mi ń sunkún. Ta ló ń nà án?”

Wúràọlá ní kò sí ẹni tó ń nà án, pé agbára ló ní. Oúnjẹ tó gbé fún ìyá àgbà lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Òjò ọdún yẹn tètè dé. Odò kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ àkùrọ̀ tí gbágùúdá ìlú wà, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju pé kí tọkùnrin tobìnrin lọ fà á kí omi tó mú un. Wọ́n fà á, wọ́n bó o, wọ́n rù ú dé Abẹ́ Páànù títí òkìtì rẹ̀ fi ga ju ènìyàn lọ. Gbágùúdá tí a ti bó kò ní sùúrù. Bí wọn kò bá lọ̀ ọ́ kíá, á dúdú, á sì bàjẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé epo wá kò sì lè kọjá, torí omi ti gba afárá. Gbogbo epo tó kù ní oríta, kẹ́ẹ̀gì méjì péré ni. Olùta epo fún Lásísì ní ọ̀kan, ó fún Wúràọlá ní ọ̀kan. Ohun tí ìlú fẹ́ jẹ títí ọdún fi máa yí po wà nínú kẹ́ẹ̀gì méjì yẹn.

Láàárọ̀, ẹ̀rọ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí ké papọ̀. Àwọn obìnrin gbọ́ ọ, ọkàn wọn balẹ̀, kálukú lọ sílé lọ dáná. Sàrátù, tí òkìtì tirẹ̀ ga jù, ló kẹ́yìn wọn.

Wúràọlá dúró ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀, ó wo òkìtì. Ó tún wò ó. Epo ti lọ sílẹ̀ gan-an, òkìtì kò tíì mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan òun. Bẹ́líìtì ń rùn. Ọ̀rọ̀ tí Làbáyọ̀ sọ lọ́jọ́ tó ń bó iṣu wá sí i lọ́kàn, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dúró sí: epo tí mo fún un yìí, kí ló fi ṣe fún mi?

Ó pa ẹ̀rọ.

Ògúndáre, tó wá bá a da gbágùúdá sí ẹ̀rọ, bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Wúràọlá sáré lọ sílé, ó gun àjà, ó tú aṣọ náà, ó sì mú ìgò àti ọ̀pá jáde. Bó ti ń kọjá ní ìloro, ìyá ọkọ rẹ̀ rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Arúgbó náà ní kó dúró. Ó nawọ́ sábẹ́ àga, ó fa nǹkan kan yọ tó fi ìró àtijọ́ wé. Sàlẹ́ńsà Jẹ́jẹ́ ni. Ó ti ní kí wọ́n bá òun ṣà á wálé, ó sì ti nù ún títí ó fi ń dán.

Nígbà tí Wúràọlá padà dé Abẹ́ Páànù, Ògúndáre ní kò sí àkókò fún eré ọmú lónìí, pé epo kò tó láti fi dánrawò. Wúràọlá ní epo náà kò ní ṣòfò, torí gbágùúdá ni yóò kúkú máa lọ. Ó so ìgò kọ́ sórí òpó, ó rọ epo dé ojú àmì pupa, ó fi ìdè sílẹ̀ níbi tí Ògúndáre yí i sí. Ẹ̀rọ ké, ó ké, epo tán, ó kú. Ó ti ọ̀pá bọ inú ọpọ́n. Ibi tí gbágùúdá dé lára ọ̀pá kò tilẹ̀ dé ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ tó rẹlẹ̀ jù lọ lára rẹ̀. Ògúndáre tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó sì kó inú ọpọ́n náà kúrò.

Wúràọlá rọ epo mìíràn, ó yí ìdè náà padà díẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ rọlẹ̀, èéfín dín kù, gbágùúdá sì ga lára ọ̀pá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún yí i. Bẹ́líìtì kò yọ̀ mọ́, òórùn rọ́bà lọ. Nígbà tí wọ́n ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, gbágùúdá gòkè kọjá àwọn ọgbẹ́ ọ̀bẹ ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá dúró sójú èyí tó ga jù lọ gẹ́lẹ́. Ó yí i sí i, bóyá wọ́n tún lè rí jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbágùúdá rẹlẹ̀. Ó dá a padà.

Ó wo àwọn ojú ọ̀bẹ wọ̀nyẹn. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ìgbà tí ojú ń tì í, ibi tí epo ti ń ṣe é lóore jù lọ ni Làbáyọ̀ ń wá, ó sì ti rí i, ó ti fi ọ̀bẹ fín in sílẹ̀ dè é. Òun Wúràọlá gan-an ló ní kí wọ́n yí i kúrò. Wúràọlá di òpó mú, ó sunkún, kò sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú, ó ní kí Ògúndáre de sàlẹ́ńsà padà. Sàlẹ́ńsà kò bù kún epo, kò sì dín in kù, ṣùgbọ́n arúgbó kan wà nílé tí kò lè jẹun bí ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀ bá ń sunkún.

Lásísì ti ń wò wọ́n látẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ń bú ramúramù, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ti lọ sí ìdajì, ojú rẹ̀ sì ti fà ro. Ó pa á, ó wá bá Wúràọlá, ó ṣí fìlà.

“Ìyá Tèmídire, ẹ jọ̀ọ́,” ó wí, “ẹ bá mi bi tèmi náà léèrè.”

Wọ́n gbé ìgò lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n yí ìdè tirẹ̀ sókè, wọ́n yí i sísàlẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n yí i sí, gbágùúdá kò dé àárín ọ̀pá. Ẹ̀rọ tó ti ń la igi ńlá, bí wọ́n bá ní kó lọ gbágùúdá, ara rẹ̀ gan-an ló máa kọ́kọ́ bọ́ kó tó bọ́ ẹlòmíràn. Lásísì fọwọ́ pa irun rẹ̀. Kò bínú. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ pẹ̀lú epo tó kù, ó rọ gbogbo rẹ̀ fún Jẹ́jẹ́, ó sì bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn rọ gbágùúdá sínú àpò.

Láti ìgbà náà ni kò ti sí igbe kankan mọ́ ní Òkè-Ọparun. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìlú. Òjò ń lu òrùlé títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó tètè fura. Bó ti dá, obìnrin kan nídìí agbada ní òun kò gbọ́ ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn ní òun náà kò gbọ́. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní kí àwọn ọmọ dákẹ́, wọ́n tún tẹ́tí. Wọ́n ní epo ti tán nìyẹn, ẹ̀rọ méjèèjì ti kú, gbágùúdá ọdún kan ń dúdú lọ lábẹ́ páànù. Sàrátù ká ọwọ́ lérí, ó jáde sójú ọ̀nà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń bú Lásísì, àwọn kan ń bú Wúràọlá, wọ́n sì ya wọ Abẹ́ Páànù bí ẹni tó wá gbókùú.

Sàrátù dúró lójijì. Wúràọlá ń da gbágùúdá sí ẹ̀rọ, gbogbo ara rẹ̀ funfun. Ògúndáre ń gbé àpò. Lásísì ń fi òkúta lé orí àpò kí omi rẹ̀ lè fún dànù.

“Ẹ̀rọ ti kú?” Sàrátù bi í.

“Kò kú, Ìyá,” Wúràọlá wí. “Ó ń ṣiṣẹ́.”

Sàrátù wò ó, kò gbà á gbọ́. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ láti gbọ́. Ó rí bẹ́líìtì tó ń yí, ó gbọ́ ìró kékeré náà, bí arúgbó tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá wá òkìtì tirẹ̀, kò rí i. Ó béèrè pé níbo ni wọ́n kó gbágùúdá òun dà sí. Lásísì na ọwọ́ sí àwọn àpò tó wà lẹ́sẹẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìlà gígùn kan ni, omi sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Òkìtì àwọn yòókù kò kù ju díẹ̀ lọ, epo sì wà nínú kẹ́ẹ̀gì síbẹ̀.

Sàrátù ti ọwọ́ bọ àpò kan títí dé ìgúnpá, ó bù ú, ó wò ó lójú àtẹ́lẹwọ́. Ó kúnná, ó funfun. Ó jókòó sórí òkúta. Ó gbójú sókè, ó rí ìgò náà lórí òpó. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

“Làbáyọ̀, má bínú sí mi,” ó wí. “Etí ni mo ti ń fi lọ gbágùúdá láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ariwo ẹ̀rọ kọ́ ló ń lọ̀ ọ́.”

Ẹgbẹ́ kò tún jókòó mọ́ lórí ẹ̀rọ tó máa dúró àti èyí tó máa lọ. Lásísì dá ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ padà fún àwọn tó ń la pákó, ó wá èyí tó mọ níwọ̀n, ó sì gbé e wá síwájú Wúràọlá kó tó tan án, kí wọ́n lè kọ́kọ́ so ìgò kọ́. Ìyá àgbà tó wà ní ìloro ní òun kò gbọ́ ẹkún ọmọ òun mọ́, ó sì jẹun yó. Àwọn obìnrin Òkè-Ọparun kò fi etí ṣọ́ gbágùúdá mọ́. Wọ́n ń rìn lọ síbẹ̀ lọ wò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Sàrátù ti di òwe, tí àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tó bá ń fi igbe díwọ̀n iṣẹ́, pé: Ariwo ẹ̀rọ kọ́ ló ń lọ gbágùúdá, inú àpò là ń wò.